Ẹ̀yà Kọ́ Ló Ń Rán Agbésùnmọ̀mí Níṣẹ́

Ìpàdé àdúgbò wa ní Mararaba, lẹ́bàá Àbújá, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Ìròyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni pé àwọn agbésùnmọ̀mí tún ṣọṣẹ́ ní Borno, ọkàn gbogbo wa ò sì balẹ̀. Alága bèèrè ohun tí a lè ṣe sí ọ̀rọ̀ ààbò. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa dìde, èèyàn dáadáa tí mo bọ̀wọ̀ fún ni, ó ní: "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé ọmọ Kànúrí tó ń ta omi yẹn. Àwọn gan-an ni Boko Haram." Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tí ọmọ náà ṣe.

Mo mọ ọmọ náà. Òun ni mẹ́ruwà tó ń gbé omi wá fún mi láàárọ̀, kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá lórí ọmọlanke tí táyà rẹ̀ kan máa ń han, kí n tó rí i ni mo ti máa ń gbọ́ ọ. Bí n kò bá ní ṣéńjì lọ́wọ́, á mú èédú, á fa ìlà sára férémù ilẹ̀kùn mi: kẹ́ẹ̀gì kan, ìlà kan. Bí mo bá san owó tán, á fi ọwọ́ tútù rẹ̀ nu gbogbo rẹ̀ kúrò. Bama ní ìpínlẹ̀ Borno ló ti wá. Ọmọdé ni nígbà tí Boko Haram gba ìlú náà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014. Lọ́jọ́ tí mo bi í léèrè àwọn òbí rẹ̀, ó kọ́kọ́ gbé kẹ́ẹ̀gì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó wá dá mi lóhùn ní Haúsá pé: "Mama, su ne suka kashe babana." Àwọn ló pa bàbá mi.

Ẹ̀rù tó ń ba bàbá yẹn ń ba èmi náà o. Nyanya ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2014, bọ́ǹbù bú gbàmù ní páàkì Nyanya nígbà tí àwọn èèyàn ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sínú Àbújá, ó sì pa èèyàn tó lé ní 70. Títí dòní, bí mo bá rí mọ́tò tí kò sẹ́nikẹ́ni nínú rẹ̀ nítòsí páàkì yẹn, mo máa ń yẹra. Nítorí náà n kò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó ń bẹ̀rù. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò ni ohun tó yẹ ká bẹ̀rù gan-an.

Nǹkan mẹ́ta la máa ń lọ̀ pọ̀ mọ́ra bí ata bí àlùbọ́sà, tí a ò wá mọ èyí tó ń ta wá lẹ́nu mọ́. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀yà: èdè tí ìyá fi rẹ ọmọ lẹ́kún, ilà tí wọ́n kọ sí i lójú, ìlú tí bàbá rẹ̀ ti wá. Kò sẹ́ni tó yan tirẹ̀. Èkejì ni ẹ̀sìn, ọ̀nà tí èèyàn ń gbà sin Ọlọ́run. Ọ̀pọ̀ bá a nílé, àwọn mìíràn yí padà nígbà tí wọ́n dàgbà. Ẹ̀kẹta ni èròǹgbà: ohun tí èèyàn gbà pé ayé gbọ́dọ̀ dà, ẹni tó yẹ kó ṣàkóso, ẹni tó jẹ́ ọ̀tá, àti ohun tó tọ́ kí a ṣe sí ọ̀tá náà. Ẹnì kan ló ń kọ́ ni ní èyí, èèyàn ló sì ń gbà á wọlé. Òun ló ń gbé bọ́ǹbù léni lọ́wọ́.

Àwa Yorùbá ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé. Agbo ilé kan náà la ti ń jẹ ẹran Iléyá, ibẹ̀ náà la ti ń jẹ ìrẹsì Kérésìmesì. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé Yorùbá lòun, ẹ ò tíì mọ ẹ̀sìn rẹ̀. Bó bá sọ ẹ̀sìn rẹ̀, ẹ ò tíì mọ ohun tó ń rò nípa ìjọba, tàbí nípa ẹni tí kò bá a ṣe ẹ̀sìn kan náà. Kí ló wá dé tí a fi rò pé ti Kànúrí tàbí ti Fúlàní yàtọ̀, pé tí a bá ti rí ilà ojú, a ti rí inú?

Ẹ jẹ́ kí n mú un súnmọ́ ilé. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ní Woolwich nílùú London, ọkùnrin méjì fi mọ́tò kọ lu ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Lee Rigby, wọ́n sì ṣá a pa lójú títì lọ́sàn-án gangan. Orúkọ àwọn méjèèjì ni Michael Adebolajo àti Michael Adebowale. Ẹ tún un pè lẹ́nu yín: Adébọ́lájọ. Adébọ̀wálé. Orúkọ tí àwọn òbí wa ń fi àdúrà sọ ọmọ ní ọjọ́ kẹjọ ni. London ni wọ́n bí Adebolajo sí, ilé onígbàgbọ́ ló ti dàgbà, kó tó gba Ìsìláàmù. Ní ọdún 2010 wọ́n mú un ní Kẹ́ńyà, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ sì gbà pé ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí al-Shabaab ní Somalia ló fẹ́ lọ dara pọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n pa ọmọ ogun yẹn, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi ń sọ fún ẹni tó ń ká fídíò pé nítorí àwọn Mùsùlùmí tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń pa lójoojúmọ́ ni. Kò dárúkọ Odùduwà. Kò sọ pé ọmọ káàárọ̀-oò-jíire kankan ló rán òun.

Àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè kọ ọ́ nígbà náà pé ọmọ tó ní ìran Nàìjíríà ni wọ́n. Wọn ò purọ́, ṣùgbọ́n kí ni ọ̀rọ̀ yẹn ṣàlàyé? Ẹ wo iye Adébọ̀wálé tó ń wa bọ́ọ̀sì, tó ń tọ́jú aláìsàn, tó ń kọ́ ọmọ níwèé ní London láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ká ní àwọn ará àdúgbò wọn ṣèpàdé lọ́jọ́ Àìkú, tí wọ́n ní kí gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Adé kó jáde nílé, a óò ké, a óò sì jàre. Ilé ẹjọ́ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dá àwọn méjèèjì lẹ́bi ní oṣù Kejìlá ọdún 2013, ó sì fi wọ́n sẹ́wọ̀n, Adebolajo títí ọjọ́ ayé rẹ̀, Adebowale ó kéré tán ọdún 45, nítorí ohun tí àwọn fúnra wọn ṣe.

Apá kan nínú àpẹẹrẹ kejì wáyé níhìn-ín, ní Àbújá. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2009, Umar Farouk Abdulmutallab, ọmọ ọdún 23, fẹ́ fi bọ́ǹbù tó wà nínú pátá rẹ̀ fọ́ ọkọ̀ òfúrufú tó ń lọ sí Detroit ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọlọ́lá ni, ará Katsina. Ó kàwé ní Lomé, ó lọ sí yunifásítì ní London, Yemen ló sì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn al-Qaeda. Ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ọjọ́ náà, bàbá tó bí i lọ́mọ, gbajúmọ̀ nídìí iṣẹ́ báǹkì, ti wọ ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà ní Àbújá, ó sì ti kìlọ̀ fún wọn pé ìwà ọmọ òun ń kọ òun lóminú. Ẹ ronú sí ohun tó ná bàbá yẹn. Ẹ̀jẹ̀ kan ni wọ́n, ẹ̀yà kan, ẹ̀sìn kan, abẹ́ òrùlé kan ni wọ́n ti jẹun. Ọmọ gbé bọ́ǹbù. Bàbá lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yà ló ń ṣe é, ó yẹ kó ti ṣe bàbá kó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní mò ń yẹ Boko Haram sílẹ̀. Rárá. Òótọ́ ni pé Kànúrí pọ̀ nínú wọn, n kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Mohammed Yusuf tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Maiduguri ní nǹkan bí ọdún 2002, Yobe ló ti wá. Abubakar Shekau tó gba ipò lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ Yobe náà ni. Ṣùgbọ́n bí oníwàásù kan bá pa àgọ́ sí Ìbàdàn, ta ni yóò kún ibẹ̀? Yorùbá náà ni. Àwọn tó wà nítòsí, tó gbọ́ èdè rẹ̀, ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Ẹnì kan á mú àbúrò rẹ̀ wá, àbúrò á mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Bí Yusuf ṣe kó èèyàn jọ ní Maiduguri nìyẹn. Ẹ̀yà sọ fún wa ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé, kò sọ ohun tí wọ́n wá ṣe.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Yusuf wàásù pé ẹ̀kọ́ ìwé òyìnbó jẹ́ èèwọ̀, pé iṣẹ́ ìjọba jẹ́ èèwọ̀, pé òfin tí Nàìjíríà ń lò jẹ́ ti kèfèrí. Ibẹ̀ ni orúkọ tí aráyé sọ wọ́n ti wá: boko ni Haúsá ń pe ẹ̀kọ́ òyìnbó, haram ni èèwọ̀. Orúkọ tí wọ́n fún ara wọn gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, Lárúbáwá sì ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: Jama'atu Ahlis Sunna Lidda'awati wal-Jihad, ìyẹn àwọn tó ń tẹ̀ lé Súnnà, fún ìpè sí ẹ̀sìn àti fún jìhádì. Kò sí Kànúrí nínú rẹ̀. Kò sí Borno nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ń jà fún ẹ̀yà kì í gbàgbé láti fi orúkọ ẹ̀yà náà síbẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n pa Yusuf ní àtìmọ́lé ọlọ́pàá ní oṣù Keje ọdún 2009, Shekau mú ìwàásù náà le sí i. Ó ní Mùsùlùmí tí kò bá sí lẹ́yìn àwọn, kódà kó máa kírun lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, kèfèrí ni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀tọ́ láti ta sílẹ̀. Takfir ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ yìí, kí ẹ di orúkọ náà mú, torí òun ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ gbogbo. Òun ló jẹ́ kó jẹ́ pé àwọn Kànúrí ni ọ̀bẹ wọn kọ́kọ́ dé ọrùn wọn. Ní oṣù Keje ọdún 2012, agbébọ́ǹbù kan wọ mọ́ṣáláṣí lẹ́bàá ààfin Shehu ìlú Borno ní ọjọ́ Jímọ̀, Shehu fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó fẹ́ pa. Orí ló yọ ọ́, àwọn mìíràn kú. Ipò tí Ọọ̀ni wà láàárín wa ni Shehu wà láàárín Kànúrí. Ta ló ń jà fún Yorùbá tí yóò fẹ́ fọ́ Ọọ̀ni túútúú ní mọ́ṣáláṣí? Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí ńlá Kánò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ẹ́mírì, ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kú sórí ẹní ìkírun.

Ẹ wo ohun tí àwọn ará Maiduguri ṣe ní ọdún 2013. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà, Kànúrí ló pọ̀ jù nínú wọn, mú igi àti àdá, wọ́n ń wọ ilé dé ilé, wọ́n ń fa àwọn Boko Haram jáde. Kato da gora ni wọ́n ń pè wọ́n, ọkùnrin onígi. Ọmọ ogun tí wọ́n gbé wá láti Enugu tàbí Òṣogbo kò mọ ẹni tí í ṣe ta. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí mọ̀ wọ́n lójú mọ́ orúkọ, torí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù ní àdúgbò ni. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà kú sí i. Ká ní ìjọba ti ka gbogbo Kànúrí sí ọ̀tá lọ́jọ́ yẹn, ta ni ì bá nawọ́ síbi tí wọ́n sá pa mọ́ sí?

Ìjà tó wáyé láàárín àwọn Boko Haram fúnra wọn ló tú àṣírí náà pátápátá. Shekau búra fún ISIS, ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí tó gbilẹ̀ ní Iraq àti Syria, ní oṣù Kẹta ọdún 2015. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún 2016, ISIS fi Abu Musab al-Barnawi, ọmọ Yusuf, rọ́pò rẹ̀, ẹgbẹ́ sì pín sí méjì. Kí ni wọ́n ń jà lé lórí? Takfir náà ni. Apá kejì, tí a mọ̀ sí ISWAP, ní Shekau ti ń pa Mùsùlùmí ju bó ṣe yẹ lọ. Kì í ṣe pé ISWAP láàánú o. Wọ́n ń pa èèyàn títí dòní. Ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ISWAP ká Shekau mọ́ igbó Sambisa, ó sì fi bọ́ǹbù pa ara rẹ̀ dípò kí wọ́n mú un. Àwọn tó gbọ́ èdè kan náà ni wọ́n jọ para wọn nínú igbó yẹn.

Ṣé ẹ̀yà ò já mọ́ nǹkan kan ni? Ó já mọ́ nǹkan. Mo ti sọ pé ọ̀nà ìwọlé ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn ìjà kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀yà gan-an ni ìdí rẹ̀. Nínú ìjà Jos láti ọdún 2001, ta ni onílẹ̀ àti ta ni àlejò ló wà nídìí rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń bi ara wọn léèrè ẹ̀yà kí wọ́n tó pa ara wọn. Ẹni tó bá ń ṣàlàyé irú ìjà bẹ́ẹ̀ láìdárúkọ ẹ̀yà ń tan ni. Ibi tí a ti ń mọ ìyàtọ̀ ni ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́nu, ẹni tí wọ́n ń pa, àti ẹni tí wọ́n ń dá sí.

Ẹ fi ìdíwọ̀n yìí wo àwọn agbébọn Zamfara àti Katsina. Fúlàní pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá wọn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n màlúù ta ni wọ́n ń jí kó? Ti Fúlàní darandaran wà nínú rẹ̀ gbuu. Wọ́n ń jí Haúsá gbé, wọ́n ń jí Fúlàní gbé, ẹni tó bá lówó ìtúsílẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ìwàásù kọ́ ni iṣẹ́ wọn, owó ni. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá kéde wọn ní agbésùnmọ̀mí, nítorí náà orúkọ kan náà ni òfin ń pe àwọn àti Boko Haram báyìí. Òfin ń wo ìwà àti ète. Òfin ìgbésùnmọ̀mí ti ọdún 2022 kò bèèrè ẹ̀yà tí ẹni tó ṣe é ti wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá owó àti ẹni tó ń wá ìjọba Ọlọ́run tirẹ̀ kò ṣe é fi oògùn kan náà wò.

Ibi tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ Zamfara nìyí. Àwọn fijilanté Haúsá tí wọ́n ń pè ní 'Yan Sakai, tí wọ́n dìde láti dáàbò bo ìlú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í pa Fúlàní tí wọ́n bá rí lọ́jà àti lójú ọ̀nà, yálà ó jí nǹkan àbí kò jí. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí kò bá ẹnikẹ́ni jà tẹ́lẹ̀ rí òkú bàbá wọn, wọ́n gba inú igbó lọ, wọ́n lọ gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn tó ti wà níbẹ̀. Ìjà tó jẹ́ ti màlúù àti owó wá gba àwọ̀ ẹ̀yà. Àwọn tó ń fi ẹ̀yà dáni lẹ́bi ló fi ọwọ́ ara wọn dá ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù sílẹ̀.

Ìfura wa náà máa ń ṣì ọ̀nà. Lára àwọn tí ìjọba fẹ̀sùn bọ́ǹbù Nyanya kàn ni ọmọ ìpínlẹ̀ Benue kan tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sudan ni wọ́n sì ti gbé e padà wá. Ẹni yẹn kì í ṣe Kànúrí. Lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn olùjọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, a ò tíì sin òkú tí àwọn kan nínú wa ti ń sọ ẹ̀yà tó ṣe é. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, iléeṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS gbé èèyàn márùn-ún wá sílé ẹjọ́ ní Àbújá, ẹ̀sùn tí wọ́n sì fi kàn wọ́n ni pé ọmọ ẹgbẹ́ al-Shabaab ni wọ́n, pé ní Kogi ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n ní àwọn ò jẹ̀bi. Adájọ́ ni yóò sọ.

Nígbà tí mo dìde sọ̀rọ̀ ní ìpàdé wa, n kò lè sọ gbogbo èyí. Woolwich nìkan ni mo sọ, àti ohun tí mẹ́ruwà sọ fún mi nípa bàbá rẹ̀. Inú yàrá dákẹ́. Bàbá yẹn wá bi mí pé: "Ó dáa, ìyá, kí lẹ fẹ́ ká máa ṣe nígbà náà? Ká káwọ́ gbera?" Ìbéèrè gidi ni, mo sì dá a lóhùn bí mo ṣe mọ̀. Mo ní ká forúkọ gbogbo ẹni tó ń gbé àdúgbò sílẹ̀, Yorùbá, Ìgbò, Haúsá, Gbagyi, Kànúrí, ìwé kan náà, ìbéèrè kan náà: níbo lo ti wá, iṣẹ́ wo lò ń ṣe, ta ló mọ̀ ẹ́. Mo ní ká máa wo ìwà: ẹni tó gba yàrá tí kò jẹ́ kí onílé wọlé, ẹni tó ń kó ẹrù wọlé lóru tí a ò mọ̀ ọ́n mọ iṣẹ́ kan, ẹni tó ń kó àwọn ọmọ jọ tó ń sọ fún wọn pé aládùúgbò wọn ò yẹ láàyè. Mo ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má ṣe bọ́ lójú wa nítorí pé ó ń sọ Yorùbá.

Wọ́n jiyàn fún wákàtí kan, wọ́n sì gbà á. Ilé wa ni mo ní kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìwé dé ọ̀dọ̀ ọmọ Bama, ó kọ orúkọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tó ti dúdú fún èédú fi àmì sí etí ìwé náà. Bàbá yẹn ń wò ó. Ó ní àyè onídùúró ṣófo, ta ló máa dúró fún un? Mo ní kí wọ́n fún mi ní bírò.